Láptọ́ọ̀pù ò dìde mọ́, wọ́n ní SSD ti kú: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fi Windows tuntun sí i

Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lójú láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ náà kì í pọ̀: "No bootable device," tàbí "Boot device not found." Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ náà ti jí, ó wá ibi tí Windows wà, kò sì rí i. Kò sọ ìdí tí kò fi rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ gbé e dé Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta níbí, ẹnjiníà àkọ́kọ́ á ní SSD ti kú, ìyẹn dísìkì tí Windows àti gbogbo fáìlì yín wà lórí ẹ̀. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹlòmíràn á ní Windows ló bàjẹ́, òun á fi tuntun sí i kí ẹ tó jẹun tán. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ ní wò ó tí á fi ní kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ padà wá lọ́la. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ń purọ́. Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ló lè mú ọ̀rọ̀ kan náà jáde: Windows lè bàjẹ́ kí SSD má sì ṣe nǹkan kan, láptọ́ọ̀pù lè má rí SSD tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá, SSD sì lè ti kú lóòótọ́. Ìtọ́jú wọn ò jọra, èyí tó tún ọ̀kan ṣe sì lè pa fáìlì yín run nínú òmíràn.

Owó SSD tuntun kọ́ ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó le ni iṣẹ́ ìwádìí ọmọ yunifásítì FUNAAB tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tàbí àwòrán gbogbo bátánì àdìrẹ tí oníṣòwò kan ní Ìtòkú ti ń kó jọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Láptọ́ọ̀pù ṣeé rà. Ìyẹn ò ṣeé rà níbì kankan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, ẹ bi ara yín: ṣé ẹ̀rọ lẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni, àbí ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ fẹ́ gbà? Iṣẹ́ méjì ni, ti fáìlì ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Háàdì dísìkì àtijọ́ ní àwo tó ń yí bìrí nínú ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù máa ń yí ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá fẹ́ kú, ó sábà máa ń pariwo: á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, á máa falẹ̀, èèyàn á fura. SSD ò ní ohunkóhun tó ń yí. Àwọn chip dúdú pẹlẹbẹ ló wà lórí pátákó tínrín kan, irú tí wọ́n ń pè ní NAND flash, tí Fujio Masuoka àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba ní Japan gbé jáde ní 1987. Òun náà ló wà nínú fíláàṣì àti fóònù yín. Ó yára, kò bẹ̀rù kí èèyàn máa gbé e kiri, kò sì ń dún. Àmọ́ bó ṣe dákẹ́ yẹn náà ló ṣe ń kú. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́, kó má dìde láàárọ̀.

Chip tó ń gbé fáìlì nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní controller, òun ló ń darí gbogbo ẹ̀. Ẹ fi wé ilé ìkẹ́rùsí kan ní Láfẹ́nwá tí ẹyọ akọ̀wé kan ṣoṣo ń ṣọ́: bí ẹrù bá ti wọlé, á gé e sí wẹ́wẹ́, á tú u ká sí oríṣiríṣi yàrá, á wá kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sínú ìwé ọwọ́ ẹ̀. Bí akọ̀wé yẹn bá dákú, tàbí tí ìwé ọwọ́ ẹ̀ ya, ẹrù ò kúrò nínú ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rí odindi àpò kan kó jáde. Ọ̀pọ̀ SSD tí wọ́n ní ó ti kú, ohun tó ṣe é nìyẹn. Fáìlì wà lórí chip, ẹni tó mọ̀nà ẹ̀ ni kò sí mọ́.

Èyí ló fà á tí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù fi yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ní, "Má máa kó fíìmù sí i jù, á tètè gbó." Òótọ́ ni pé chip NAND ní iye ìgbà tí wọ́n lè kọ nǹkan sórí ẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń kọ iye náà sínú ìwé ọjà. Bí àpẹẹrẹ, SSD Samsung 860 EVO tó jẹ́ 500GB, wọ́n kọ 300TB fún un. Ẹni tó bá ń kọ 20GB sí i lójoojúmọ́ máa lò ó ju 40 ọdún lọ kó tó kọ ìyẹn tán. Fíìmù yín kọ́ ló máa pa á. Controller àti sọ́fítíwíà inú ẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́. Ní oṣù kọkànlá 2019, Hewlett Packard Enterprise kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà wọn pé àwọn SSD kan tó wà nínú sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí iléeṣẹ́ ń lò, máa kú ní kété tí wọ́n bá lo wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, àfi tí wọ́n bá tètè fi sọ́fítíwíà tuntun sí i. Chip wọn ò gbó rárá. Àṣìṣe ló wà nínú sọ́fítíwíà tó ń darí wọn.

Nílùú tiwa níbí, iná ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo iye láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà káàkiri Abẹ́òkúta tí bátìrì wọn ti kú, tí wọ́n ń lò lórí ṣájà nìkan. Ẹni tó ni ín ò kà á sí nǹkan kan, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀rọ yẹn kú lójijì ni, láìráyè pa ohunkóhun dé. Bó bá bọ́ sí àsìkò tí controller ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ náà lè dàrú, kí SSD má sì lè ka ara ẹ̀ mọ́ nígbà tí iná bá dé. Àwọn SSD tí wọ́n ń ṣe fún sáfà ní kapásítọ̀ tó ń di ìwọ̀nba iná mú kó lè parí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní in, nítorí wọ́n gbà pé bátìrì máa wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá ní owó tó mọ níwọ̀n, kó ra bátìrì kó tó ra RAM. Jẹnẹrétọ̀ tí iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò náà ò dáa, ooru náà ò dáa, kí ẹ yéé gbé láptọ́ọ̀pù sórí tìmùtìmù tó ń dí ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀.

Ó dáa, láptọ́ọ̀pù ò dìde. Ẹ yọ gbogbo fíláàṣì àti káàdì tó wà lára ẹ̀ ná, torí fíláàṣì lásán lè mú kó máa wá Windows níbi tí kò sí. Lẹ́yìn náà ẹ wọ BIOS, ìyẹn ètò inú láptọ́ọ̀pù tó ń jí i kí Windows tó dìde. Lórí HP, bó bá ti ń tan, ẹ máa tẹ Esc léraléra, kí ẹ wá tẹ F10. Lórí Dell, F2 ni. Lenovo máa ń lo F1 tàbí F2. Acer àti ASUS, F2. Ojú ìwé tó máa jáde ò wuni, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ má sì yí ohunkóhun padà níbẹ̀. Orúkọ SSD lẹ ń wá, lábẹ́ "Storage," "System Information" tàbí "Boot." Bí ẹ bá rí orúkọ ẹ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀, bíi 256GB tàbí 512GB, ẹ mí kanlẹ̀: controller ṣì ń dáhùn. Bó bá ń dáhùn àmọ́ tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 0, tàbí tó ń pe orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀, àkọsílẹ̀ inú ẹ̀ ló dàrú. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, kò tíì tó àkókò ẹkún, torí àìrí kì í ṣe ikú.

Ó lè jẹ́ pé kò jókòó dáadáa ni. Nínú láptọ́ọ̀pù òde òní, M.2 ló wọ́pọ̀ jù, pátákó tínrín tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mílímítà 22, tí ẹyọ síkúrúù kékeré kan dè mọ́lẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, ẹ ṣí ìdí ẹ̀, ẹ sì já wáyà bátìrì kúrò lára motherboard, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ẹ bá tú síkúrúù yẹn tán, ẹ̀yìn pátákó náà á gbéra sókè fúnra ẹ̀, á dàgẹ̀rẹ̀. Bó ṣe dàgẹ̀rẹ̀ yẹn ni kí ẹ ṣe fà á jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn eyín aláwọ̀ wúrà tó wà lẹ́nu ẹ̀. Bí eruku tàbí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nù ún jẹ́jẹ́, kí ẹ dá a padà títí àwọn eyín yẹn á fi wọlé tán, kí ẹ tó dè é. Iye SSD tí iṣẹ́ kékeré yìí ti jí padà ń yà mí lẹ́nu.

Ó sì lè jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tó ń ṣọ́ aago inú láptọ́ọ̀pù. Bí ìyẹn bá kú, ètò BIOS lè padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ, kí láptọ́ọ̀pù wá máa wá Windows lọ́nà tí kì í ṣe bí wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Ẹni tí aago ẹ̀ ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbà gbogbo tó bá tan ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.

Ọ̀kan wà tó ń tan àwọn ẹnjiníà pàápàá. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ní Intel ìran 11 sókè ló ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Intel VMD. Wọ́n á ki fíláàṣì Windows bọ̀ ọ́, ojú ibi tí wọ́n ti ń yan dísìkì á ṣófo, wọ́n á sì kéde ikú. Kò kú. Díráfà VMD, ìyẹn sọ́fítíwíà tó máa jẹ́ kí Windows rí SSD náà, ni kò sí lórí fíláàṣì wọn. Bí BIOS bá rí SSD tí fíláàṣì ò rí i, BIOS ni kí ẹ gbà gbọ́.

Fún èyí tó pòórá lẹ́yìn tí iná já, àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe SSD máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ gbìyànjú nǹkan kan: ẹ tan láptọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kó wà lójú BIOS fún bí ìdajì wákàtí láìtẹ nǹkan kan, ẹ pa á, ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Controller lè lo àsìkò yẹn láti tún àkọsílẹ̀ ẹ̀ tò. Kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, àmọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Wàyí o, ká ní BIOS rí i, Windows ló kọ̀ tí kò dìde. Irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ máa gbọ́ nídìí tábìlì ẹnjiníà:

"Mọ́mì, Windows ló lọ. Ẹ jẹ́ n fọ́mátì ẹ̀, kò ní gbà ju wákàtí kan lọ."

"Fáìlì mi ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ẹ má dààmú, Mà. A máa fi sọ́fítíwíà wá wọn padà lẹ́yìn náà."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ sá fún. Nígbà háàdì dísìkì, òótọ́ wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá pa fáìlì rẹ́ níbẹ̀, orúkọ ẹ̀ nìkan ló ń lọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ á ṣì wà lójú àwo títí nǹkan mìíràn á fi gorí ẹ̀, sọ́fítíwíà sì lè hú u jáde. Lórí SSD, bí Windows bá ti pa nǹkan rẹ́ tàbí tó fọ́mátì, ó máa ń fi àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní TRIM ránṣẹ́ sí controller pé àyè yẹn ò wúlò mọ́. Controller á sọ ọ́ di òfo fúnra ẹ̀, ó sì lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Sọ́fítíwíà tó bá wá a lẹ́yìn náà, òdo ló máa kà. Ẹnjiníà tó kọ́ṣẹ́ nígbà háàdì dísìkì lè máa fi tọkàntọkàn ṣèlérí ohun tí SSD ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Fáìlì tó wà láàárọ̀ tí Windows bàjẹ́, ọ̀sán tí wọ́n fọ́mátì ẹ̀ ló kú.

Ohun tí ẹ máa sọ ni pé kí ó kọ́kọ́ kó fáìlì kúrò, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i lórí dísìkì mìíràn kó tó ṣe ohunkóhun. Kò ṣòro. Ó lè yọ SSD náà, kó fi sínú àpótí USB kékeré, kó sì so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mìíràn. Ó kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni SSD M.2 máa ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, NVMe àti SATA: àpótí tó wà fún NVMe nìkan ò ní ka M.2 SATA, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà fún SATA nìkan ò ní ka NVMe, kó má baà tún ti ibẹ̀ kéde ikú. Tàbí kó fi fíláàṣì Ubuntu, ètò mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ Windows, tan láptọ́ọ̀pù yín gan-an, kó yan "Try Ubuntu," kó sì kó fáìlì láti ibẹ̀ láìfi ohunkóhun sórí SSD. Bó bá ń falẹ̀ tàbí tó ń há, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kó kọ́kọ́ kó, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí fíìmù. Àwọn SSD kan máa ń ti ara wọn pa nígbà tí wọ́n bá rí i pé ara wọn ò yá: wọ́n á jẹ́ kí ẹ ka ohun tó wà nínú wọn, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ kọ ohunkóhun sí i. Windows ò lè dìde lórí irú ẹ̀, àmọ́ oore ńlá ni. Ẹ kó ẹrù yín jáde, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ dísìkì wò, "tún un ṣe."

Nígbà tí wọ́n bá so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, ó lè béèrè nọ́ńbà gígùn kan lọ́wọ́ yín. BitLocker nìyẹn, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì pa, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Láti Windows 11 ẹ̀yà 24H2, bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé sórí Windows tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síbẹ̀, ó sábà máa ń ti gbogbo dísìkì pa láìbi yín, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Nọ́ńbà ìṣíde náà ní díjíìtì 48, ó sì wà nínú àkáǹtì Microsoft yẹn: ẹ fi fóònù wọ account.microsoft.com, ẹ wo abẹ́ orúkọ láptọ́ọ̀pù náà. Ibi tó ń le sí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù fún yín ló fi ímeèlì tiẹ̀ ṣí àkáǹtì yẹn. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ wá nọ́ńbà yìí lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kò bá sí, kò sí ẹnjiníà tó lè bá yín ṣí i.

Bí BIOS ò bá rí SSD lẹ́yìn gbogbo èyí, tí ẹ tún gbìyànjú ẹ̀ nínú ẹ̀rọ mìíràn tí kò dáhùn, a lè wá sọ pé ó kú. Àwọn tó ní irinṣẹ́ fún gbígba fáìlì padà lè bá controller sọ̀rọ̀ lọ́nà tí Windows ò lè gbà, nígbà míràn wọ́n á rí nǹkan kó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun á tú chip kúrò níbẹ̀ kí òun fi sórí pátákó mìíràn. Ọ̀pọ̀ controller òde òní ló ń pa àrokò ohun tó ń kọ sórí chip, ọwọ́ ẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé bí wọn ò bá rí nǹkan kan, èló ni ẹ máa san? Ìdáhùn wọn á sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Ti àwọn tó ń ní kí èèyàn fi SSD sínú fíríìsà kó lè jí, omi lásán ló máa kó sí i lára.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wo bí èyí tó kú ṣe rí. Bó bá jẹ́ M.2, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ń sọ fífẹ̀ àti gígùn ẹ̀: 2280 jẹ́ mílímítà 22 ní fífẹ̀, 80 ní gígùn, 2242 àti 2230 sì kúrú jù ú lọ. Ihò kan náà ni NVMe àti SATA lè jọ wọ̀, àmọ́ láptọ́ọ̀pù lè má gba méjèèjì, nítorí náà orúkọ àti nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù yín ni kí ẹ fi wá a. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n jó ìpamọ́ wọn mọ́ motherboard, bí MacBook òde òní àti àwọn láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tó ń lo eMMC, chip ìpamọ́ kékeré kan. Ìyẹn ò ṣeé pààrọ̀ pẹ̀lú síkúrúdíráfà. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ 16TB ní owó tí kò tó ti 1TB. Káàdì fóònù kékeré ló máa ń wà nínú irú ẹ̀, wọ́n kàn kọ́ ọ pé kó máa purọ́ ìwọ̀n ara ẹ̀, bó bá sì kún, á máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ẹ fi H2testw, sọ́fítíwíà tó ń yẹ ìwọ̀n wò, dán an wò kí ẹ tó kúrò lágbègbè ẹni tó tà á. Sọ́fítíwíà CrystalDiskInfo náà á fi iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ hàn yín. SSD "tuntun" tó ti lo wákàtí 9,000, ẹ mọ̀ bó ṣe jẹ́.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ṣáájú ọjọ́ ibi sàn ju gbogbo èyí lọ, ẹ sì ti gbọ́ ọ rí, n kò ní pariwo ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ má fi SSD ṣe àpótí ìṣúra tí ẹ máa tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Chip ẹ̀ nílò iná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin tí JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń là ìlànà sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe chip, là kalẹ̀ fún SSD láptọ́ọ̀pù tó ti lo ọjọ́ ayé ẹ̀ tán ni pé kó di ohun inú ẹ̀ mú fún ọdún 1 láìsí iná, ní ìwọ̀n ooru 30°C. Bí òòrùn Abẹ́òkúta bá mú, inú dúrọ́ọ̀ máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Háàdì dísìkì àtijọ́ dáa jù fún irú ìpamọ́ yẹn.

Èyí tó kú ńkọ́? Bó bá ṣì wà lábẹ́ wáráńtì, wọ́n máa fẹ́ kí ẹ dá a padà kí wọ́n tó fún yín ní òmíràn, fáìlì yín á sì bá a lọ. Bí BitLocker bá wà lórí ẹ̀, ẹ dá a padà láìfòyà. Bí kò bá sí, tí NIN àti ìwé báǹkì yín wà níbẹ̀, ẹ lè pinnu pé wáráńtì yẹn ò tó nǹkan. Bí ẹ bá wá fẹ́ ba SSD náà jẹ́, kéèyàn ṣẹ́ pátákó ẹ̀ sí méjì lè má kan chip kankan. Àwọn chip dúdú yẹn ni kí ẹ fi òòlù fọ́, níkọ̀ọ̀kan.